Yorùbá Kì í Ba Gẹ̀ẹ́sì Jẹ́

Àwọn àgbà ní bí ọ̀rọ̀ bá sọnù, òwe la fi ń wá a. Èmi náà ní, ẹ̀yin òǹkàwé, bí òfin Gẹ̀ẹ́sì bá sọnù mọ́ ọmọ Yorùbá lọ́wọ́, Yorùbá ni kí a fi wá a.

Ìlú Festac, ní Amúwo-Ọ̀dọ̀fin, ni mo ti ń ṣe iṣẹ́ tíṣà. Wọ́n kọ́ ìlú yìí de àwọn àlejò tí ó wá síbi àjọ̀dún àṣà àwọn ènìyàn dúdú ní 1977. Onírúurú ẹ̀yà ló ń gbé ibẹ̀ lónìí, Gẹ̀ẹ́sì sì ni ọ̀pọ̀ òbí ń bá ọmọ wọn sọ. Ìyá kan tí ó ń ta aṣọ tilẹ̀ bẹ̀ mí pé: "Tíṣà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bá ọmọ mi sọ Yorùbá, kí Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ má baà bàjẹ́."

N kò bá a jiyàn. Lọ́jọ́ kejì, mo kọ ọ́ sára pátákó pé: "The cloth was cut shorter." Ọmọ náà nawọ́, ó ní "more shortly" ni ó yẹ kí ó tẹ̀lé "was cut". Mo ní kí ó sọ ọ́ ní Yorùbá. Ó ní: "Wọ́n gé aṣọ náà kúrú sí i."

Mo bi í pé: "Kí ni ó kúrú? Ṣé aṣọ ni, àbí gígé?"

Ó ní: "Aṣọ ni, sà." Ojú rẹ̀ sì là.

Gbogbo àṣírí rẹ̀ nìyẹn. "Was cut" kò dárúkọ ẹni tí ó gé e. "Wọ́n" tiwa náà kò dárúkọ ẹnìkan. "Shorter" ń sọ bí aṣọ ti rí lẹ́yìn tí a gé e tán. "Sí i" ni ó dúró fún "-er". Bí a bá sì fi í wé òmíràn, "ju ti àkọ́kọ́ lọ" ni "than the first". Ṣùgbọ́n bí ó bá jẹ́ iṣẹ́ gígé ni à ń ròyìn, a ó ní: "Wọ́n túbọ̀ fara balẹ̀ gé e." Èyí ni "It was cut more carefully." Ní ti "shortly", "láìpẹ́" ni ìtumọ̀ rẹ̀, kò kan gígùn aṣọ rárá. Ẹ má sì wí pé "more shorter": "-er" ti ṣe iṣẹ́ "more" tán.

Èyí kì í ṣe ìrònú tèmi nìkan. Ní 1970, Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fáfúnwá àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ kan ní Ilé-Ifẹ̀ ní ẹ̀kọ́ gbogbo fún ọdún 6, Gẹ̀ẹ́sì sì jẹ́ iṣẹ́ kan lọ́tọ̀. Nígbà tí wọ́n dán wọn wò, wọn kò kẹ́yìn àwọn ẹgbẹ́ wọn nínú Gẹ̀ẹ́sì.

Nítorí náà, ẹ̀yin òbí àti ẹ̀yin tíṣà ẹlẹgbẹ́ mi, ẹ má ṣe na ọmọ nítorí pé ó sọ Yorùbá. Ẹ bi í ní ìbéèrè kan ṣoṣo: ohun náà ni à ń ròyìn ni, àbí iṣẹ́ tí a ṣe sí i? Èdè ìyá rẹ̀ yóò dá a lóhùn.