Ẹ Tú Inú Rẹ̀ Wò Kí Ẹ Tó Bó Ara Rẹ̀!

Ọ̀rọ̀ olóṣèlú àti ọ̀rọ̀ ọlọ́pàá la sábà máa ń bá ara wa sọ níbí, àmọ́ ọ̀rọ̀ ike ni mo gbé wá lọ́sẹ̀ yìí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì ṣí ìwé kọjá. Ike tó ti pọ́n rúsúrúsú bí eyín ẹni tó ti ń fa sìgá láti ogún ọdún ni mò ń wí. Ẹni tó bá ní kọ̀ǹpútà àtijọ́ nílé á ti mọ ohun tí mo ń sọ.

Bàbá mi tó ti dolóògbé ní ṣọ́ọ̀bù kékeré kan ní Muṣin. Káàdì ìgbéyàwó, ìwé ìpè ìkómọjáde, ìwé ètò ìsìnkú, òun ló ń bá gbogbo àdúgbò tẹ̀ ẹ́. Macintosh Classic ló fi ń ṣiṣẹ́ náà. Oṣù kẹwàá ọdún 1990 ni ilé iṣẹ́ Apple ní Amẹ́ríkà gbé e jáde, 999 dọ́là ni wọ́n sì ń tà á lọ́hùn-ún nígbà náà. Kékeré ni: ojú rẹ̀ ò ju ínǹṣì 9 lọ, dúdú àti funfun nìkan ló sì ń hàn níbẹ̀. Tòkunbọ̀ ni bàbá mi ra tiwọn ní 1994. Nígbà tí wọ́n kú ní 2011, ìyá mi gbé e sí ẹ̀gbẹ́ fèrèsé pálọ̀, wọ́n da aṣọ léèsì bò ó lórí, kò sì sẹ́ni tó gbọ́dọ̀ fọwọ́ kàn án.

Lọ́dún tó kọjá ni àbúrò mi ọkùnrin ní ká kúkú gbé e fún àwọn tó ń ra kọ́ndẹ́ẹ̀mù, pé kò sí nǹkan tó ń ṣe ju kó máa gba eruku lọ. Háà! Ọ̀rọ̀ dẹkún lójú ìyá mi. Wọ́n ní, "Bàbá yín lẹ fẹ́ gbé fún onírin un! Bí ẹ bá lè tún un ṣe kó rí bó ṣe wà lójú ayé wọn, ẹ tún un ṣe. Bí ẹ ò bá lè tún un ṣe, ẹ fi í sílẹ̀ fún mi." Bó ṣe di iṣẹ́ mi nìyẹn, torí wọ́n ní èmi lakọ̀ròyìn, èmi ni kí n lọ wádìí.

Ohun àkọ́kọ́ tí mo rí ni pé pípọ́n yẹn kì í ṣe ìdọ̀tí rárá. Ẹ lè fi ọṣẹ fọ̀ ọ́ títí ọwọ́ yín á fi bó, kò ní lọ. Irú ike tí wọ́n ń pè ní ABS ni wọ́n fi ṣe ara ọ̀pọ̀ kọ̀ǹpútà ayé ìgbà yẹn. Nǹkan kan wà nínú rẹ̀ tó dà bíi rọ́bà, òun ni kì í jẹ́ kó tètè fọ́. Nǹkan yìí gan-an ni ìtànṣán oòrùn àti afẹ́fẹ́ ń bá jà lọ́dọọdún, tí àwọ̀ rẹ̀ fi ń yí padà. Wọ́n tún máa ń fi èròjà tó ní bromine sínú ike náà kó má tètè gbaná, ọ̀pọ̀ àwọn tó mọ̀ nípa rẹ̀ sì gbà pé èròjà yìí náà lọ́wọ́ nínú rẹ̀.

Bí àwọ̀ ti wa ṣe rí tẹ́lẹ̀ kò ṣòro láti mọ̀. Bàbá mi lẹ ìwé iye owó iṣẹ́ mọ́ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Nígbà tí mo rọra fi omi ṣí i kúrò, abẹ́ rẹ̀ funfun bí eérú igi, kedere bí ojú ilà lójú ọmọ. Ìyá mi na ìka sí i, wọ́n ní, "Bó ṣe rí nìyẹn."

Oògùn rẹ̀ dà? Nǹkan bí ọdún 2008 làwọn Òyìnbó tó fẹ́ràn kọ̀ǹpútà àtijọ́, àwọn tó ń kó Commodore 64 àti Amiga jọ, bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ọ́ káàkiri pé hydrogen peroxide pẹ̀lú ìtànṣán oòrùn lè dá àwọ̀ ike padà. Wọ́n sọ ọ́ ní Retr0bright, òdo ni wọ́n sì fi sí àárín orúkọ náà. Ṣé ẹ mọ̀ pé àwọn onídìrí ń lò ó? Kíríìmù tí wọ́n fi ń pa irun láró, èyí tí wọ́n kọ 40 volume sí lára, ìdá 12 nínú ọgọ́rùn-ún rẹ̀ ni pẹrọ́sáìdì. Ṣọ́ọ̀bù ẹ̀gbọ́n mi obìnrin tó ń ṣe irun ni mo ti gbà á. Àwọn oníbàárà wọn rẹ́rìn-ín títí, wọ́n ní wọ́n ti rí obìnrin tó ń bóra, wọ́n ti rí ọkùnrin tó ń bóra, àmọ́ àwọn ò tíì rí kọ̀ǹpútà tó ń bóra rí!

Ṣùgbọ́n kí n tó fi kíríìmù kan ara rẹ̀, mo gbé e lọ bá bàbá àgbà kan tó ń tún tẹlifíṣàn ṣe láti ayé túùbù. Ẹ gbọ́ eléyìí dáadáa o. Túùbù ló wà nínú irú kọ̀ǹpútà bẹ́ẹ̀, iná ẹgbẹẹgbẹ̀rún fóòtì ló sì ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀. Ó lè wà níbẹ̀ síbẹ̀ lẹ́yìn tí ẹ bá ti yọ wáyà lára ògiri, ó sì lè gbé èèyàn ṣánlẹ̀. Ẹ má tú u fúnra yín. Mo ní, "Bàbá, ara rẹ̀ ni mo fẹ́ kó funfun." Wọ́n wò mí láti òkè délẹ̀, wọ́n ní, "Ọmọ mi, o fẹ́ kun ilé tí òrùlé ẹ̀ ń jò ni?"

Wọ́n fi sukudiráfà gígùn tó lẹ́nu bí ìràwọ̀ tú u, torí méjì nínú sukúrúù rẹ̀ wà ní ìsàlẹ̀ ihò tó jìn lábẹ́ ibi tí wọ́n fi ń gbé e. Ohun tí wọ́n fi hàn mí kò dùn mọ́ mi. Bátìrì kékeré kan wà nínú rẹ̀, omi ti ń jáde lára rẹ̀. Kàpásítọ̀ náà ń jò. Bí a ṣe fi iná sí i, kò ju àpótí dúdú àpótí funfun tó kún ojú rẹ̀ lọ, bíi tábìlì ayò dáráfù. Bàbá ní bátìrì yẹn ló ń pa irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀: ó máa ń jẹ pátákó inú rẹ̀ dànù, nígbà tí onílé ń wo òde tó ń sọ pé ó kàn pọ́n ni. Wọ́n yọ ọ́, wọ́n fọ pátákó, wọ́n pààrọ̀ kàpásítọ̀.

Lẹ́yìn náà ni mo wá ṣe ti ara rẹ̀. Ike nìkan ni mo mú, mo fi ọṣẹ fọ̀ ọ́. Mo fi tépù bo ápù aláwọ̀ mẹ́fà tó wà níwájú rẹ̀, kí kíríìmù má bàa pa á láwọ̀ dà. Mo wọ ìbọ̀wọ́ àti awò ojú, torí pẹrọ́sáìdì yẹn ń jó ara, ó sì lè ba ojú jẹ́. Mo fi búrọ́ọ̀ṣì kùn ún kó dọ́gba, mo fi láílọ́ọ̀nù wé e kó má gbẹ, mo gbé e sínú oòrùn àárọ̀. Wákàtí kọ̀ọ̀kan ni mò ń yí i, tí mò ń kùn ún lákọ̀tun, torí bó bá gbẹ níbì kan, àbàwọ́n ló máa kù síbẹ̀. Tí oòrùn ọ̀sán bá ti mú, mo máa ń gbé e sábẹ́ ibòji kí ike má ká kò. Ọjọ́ kẹta ló tó dọ́gba pẹ̀lú ibi tí ìwé bò. Ẹ má dá kíríìmù náà sínú ìgò mínírà o, torí àwọn ọmọdé, ẹ má sì dé e pa, torí afẹ́fẹ́ tó ń jáde lára rẹ̀ lè fọ́ ìgò.

Ó wá ku ti ibi títẹ̀. Igi gígùn ìsàlẹ̀ tí wọ́n fi ń fàyè sílẹ̀ láàárín ọ̀rọ̀ ló pọ́n ju àwọn yòókù lọ, torí ike wọn kì í ṣe ọ̀kan náà. Mo fẹ́ kùn ún. Ìyá mi dì mí lọ́wọ́ mú. Àtàǹpàkò bàbá mi ti tẹ apá ọ̀tún rẹ̀ títí tó fi ń dán. Wọ́n ní, "Fi ìyẹn sílẹ̀." Mo fi í sílẹ̀.

Ṣé iṣẹ́ bàbá mi padà? Rárá. Háàdì dísìkì rẹ̀ ti kú pátápátá: gbogbo káàdì àti ìwé ètò ìsìnkú tí wọ́n tẹ̀, ó bá a lọ. Ṣùgbọ́n àwọn Apple ti fi nǹkan pamọ́ sínú Macintosh Classic. Bí ẹ bá tẹ Command, Option, X àti O papọ̀ bẹ́ ẹ ṣe ń tan án, yóò jí láti inú pátákó rẹ̀ láìbéèrè dísìkì. Mo tẹ̀ ẹ́. Ojú kékeré kan rẹ́rìn-ín sí wa. Ìyá mi kò sọ nǹkan kan, wọ́n kàn fi gèlè nu ojú.

Ohun tí mo fẹ́ kẹ́ ẹ mú kúrò níbí nìyí. Funfun kò ní kí ike di tuntun. Kò dá agbára rẹ̀ padà, ó lè fọ́ bó bá ṣubú, bó bá sì pẹ́, ó tún lè pọ́n. Nítorí náà, ẹni tó bá fẹ́ ra kọ̀ǹpútà àtijọ́ tó ń dán gbinrin, kó ní kí wọ́n ṣí inú rẹ̀ fún òun kó tó sanwó. Ẹni tó sì ní tirẹ̀ nílé, kó pe oníṣẹ́ kó yọ bátìrì inú rẹ̀, bí dísìkì rẹ̀ bá sì ń yí síbẹ̀, kó da ohun tó wà nínú rẹ̀ sórí òmíràn lọ́sẹ̀ yìí. Ara rẹ̀ lè dúró de oòrùn ẹ̀ẹ̀rùn tó ń bọ̀. Inú rẹ̀ kò lè dúró.

Ẹ̀yin tí irú ẹ̀rọ yìí wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé yín, ẹ kọ̀wé sí wa. Ẹ sọ ẹni tó fi ṣiṣẹ́ fún wa, kẹ́ ẹ sì sọ ohun tó fi í ṣe.