Àkọ́bí Wa Tí Kò Tètè Rìn

Ní ọjọ́ kẹjọ ni a sọ àkọ́bí wa lórúkọ. Ní oṣù 6 ó jókòó. Ní oṣù 9 ó ń rá kòrò kiri ilé bí ẹni tí a rán níṣẹ́. Ṣùgbọ́n ó pé ọdún kan, kò ì tí ì rìn, bẹ́ẹ̀ ni ọmọ aládùúgbò wa tí a bí lẹ́yìn rẹ̀ ti ń sáré. Mo bá ìyàwó mi wí, mo ní pípọ̀n ni ó ń pọ̀n ọ́n jù. Ó sunkún.

Ìyá mi gbọ́, ó ní: “Ìwọ náà pé oṣù 15 kí o tó rìn; ta ni mo bá jà?” Àwọn dókítà pẹ̀lú wí pé láti oṣù 8 títí dé oṣù 18 ni ọmọ tí ara rẹ̀ dá lè bẹ̀rẹ̀ sí rìn.

Ní alẹ́, mo gbé ọmọ náà pọ̀n (ọ̀já gbígbà kò mọ́ mi lọ́wọ́ rárá!), mo sì lọ bẹ ìyá rẹ̀ ní ilé ìdáná.