Ẹ̀yin Tẹ́ Ẹ Fẹ́ẹ́ Fi Bọ́ọ̀sì Ṣe Yàrá Lọ́nà Ẹ̀sìẹ́, Ẹ Gbọ́ O!

Ẹ má jẹ́ kílẹ̀ ṣú yín sọ́nà o! Bẹ́ ẹ bá gbéra n'Ílọrin, tẹ́ ẹ gba Àjàṣẹ́-Ìpo dé Òmù-Àrán n'ílẹ̀ Ìgbómìnà, Ẹ̀sìẹ́ ò jìnnà mọ́. Ibẹ̀ ni mùsíọ́ọ̀mù àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà wà láti 1945, ère òkúta ibẹ̀ lé ní ẹgbẹ̀rún kan.

Ẹ yẹ sípíà táyà wò, ẹ gbé omi, ẹ mú kúbùsù nítorí ọyẹ́. Inú ìlú ni kẹ́ ẹ sùn, kẹ́ ẹ kọ́kọ́ tọrọ àyè lọ́wọ́ onílé. Pàtàkì jù, ẹ pa ẹ́ńjìnnì, kẹ́ ẹ ṣí fèrèsé díẹ̀. Èéfín sàlẹ́ńsà kì í kan ilẹ̀kùn kó tó pààyàn.

Ère Ẹ̀sìẹ́ ti wà níbẹ̀ tipẹ́. Yóò dúró dè yín dàárọ̀.