Kámẹ́rà Wo Ni Kí N Rà fún Àbúrò Mi?

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, ẹ má fi mí rẹ́rìn-ín o. N180,000 ni mo kó ní àjọ lọ́dún 2022. Irun dídì ni mo fi pa á, ẹ sáà mọ̀ pé ọmọ iléèwé tó mọ irun dì kì í febi sùn. Àwọn kan ní kí n fi ra fọ́ọ̀nù. Àwọn kan ní kí n fi ra àga tuntun síbi tí mo ti ń dirun. Mo ní rárá, kámẹ́rà ni mo fẹ́ rà fún àbúrò mi. Ọ̀rẹ́ mi kan wò mí títí, ó ní, "Ṣé orí ẹ pé ṣá?"

Orí mi pé jàre. Gbèsè ni mo fẹ́ san.

Ẹni tó bá mọ Gáréèjì Ìkòròdú dáadáa á rántí àwọn tó máa ń ya fótò pásípọ́ọ̀tù lábẹ́ agbòòrùn. Wọ́n á ta aṣọ funfun sẹ́yìn ẹ, wọ́n á ní kó o gbé àgbọ̀n sókè díẹ̀. Bàámi wà lára wọn. Pentax K1000 ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀, èyí tó ń lo fíìmù, tó jẹ́ pé fótò 36 péré lo máa yà kí fíìmù tán. Nígbà tó yá, wọ́n ra Nikon D90. Àbúrò mi ló máa ń di agbòòrùn mú, òun náà ló máa ń gbé àpò lẹ́ńsì.

Lọ́dún 2018, mo wọ Póòlì, èyí tó ti di yunifásítì báyìí. Owó tí a máa san ò pé. Bàámi gbé D90 jáde láàárọ̀, owó ni wọ́n mú bọ̀ lálẹ́. Láti ọjọ́ náà, kẹ̀kẹ́ Maruwa ni wọ́n ń wà ní gáréèjì yẹn kan náà. Wọn ò sọ nǹkan kan. Àbúrò mi náà ò sọ nǹkan kan. Ó kàn bẹ̀rẹ̀ sí í fi fọ́ọ̀nù tí ojú ẹ̀ ti fọ́ ya èèyàn ni. Nígbà tí òun náà wá wọ iléèwé, kámẹ́rà ọ̀rẹ́ ló ń yá kiri láti fi ya àwọn ọmọ tuntun. Ìdajì owó tó bá rí, ẹni tó ni kámẹ́rà ló ń gbà á.

Mo bẹ̀rẹ̀ ìwádìí. Ẹ gbà mí! Àṣé yíyan kámẹ́rà le ju yíyan ọkọ lọ. Wọ́n ní DSLR lèyí tí dígí wà nínú ẹ̀. Dígí yẹn ló ń gbé ohun tí lẹ́ńsì rí wá sójú ẹni tó ń ya fótò. Tó o bá tẹ̀ ẹ́, dígí á gbéra, ṣọ́tà á ṣí, á sì pa dé. Wọ́n tún ní mirrorless, tí kò ní dígí, ni Canon àti Nikon kọjú sí báyìí. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n owó ìyẹn ju agbára mi lọ.

Ojú mi wá lọ sára Nikon D3500, tuntun nínú páálí. Ọdún 2018 ló jáde, ó fúyẹ́, megapixel ẹ̀ jẹ́ 24. Owó mi ò tó o, mo ti bẹ ìyá alájọ pé kí wọ́n yá mi díẹ̀ sí i. Nígbà kan náà, bọ̀dá kan tó ń ya fótò òde nítòsí Gáréèjì fẹ́ ta Nikon D7000 tiẹ̀, torí ó ń lọ sókè òkun. Ọdún 2010 nìyẹn ti jáde, megapixel 16 ló ní. Mo ní kí ni n ó fi àlòkù ṣe? Ṣebí ẹ̀bùn ni.

Ó wá ku kí n sọ fún Bàámi. Ìrọ̀lẹ́ ni, wọ́n jókòó sínú kẹ̀kẹ́, wọ́n ń retí èrò, kọ̀ńdọ́ ń pariwo, "Kétu, Ọjọ́ta, wọlé pẹ̀lú ṣéńjì o!" Wọ́n gbọ́ mi tán, wọ́n dákẹ́. Wọ́n wá ní, "Iṣẹ́ tí fọ́ọ̀nù ti gbà lọ́wọ́ mi, òun lo fẹ́ fà lé àbúrò ẹ lọ́wọ́?"

Mi ò lè dáhùn. Fọ́ọ̀nù nìkan kọ́ ló gbà á. Èmi náà wà ńbẹ̀.

Lọ́jọ́ kejì, wọ́n pè mí wọ yàrá. Agolo mílíìkì kan ló wà lọ́wọ́ wọn, ìdérí ẹ̀ le koko. Wọ́n ṣí i. Àwọn àpò kéékèèké tó máa ń wà nínú páálí bàtà, tó ń fa ọ̀rinrin, ló kún inú ẹ̀. Láàárín wọn, lẹ́ńsì 50mm f/1.8D wà nínú áńkáṣíìfù. Lẹ́ńsì D90! Ọdún mẹ́rin gbáko, mi ò mọ̀.

Wọ́n ní, "D3500 tó ò ń sọ yẹn, kò ní mọ́tò nínú. Lẹ́ńsì yìí á wọ ẹnu ẹ̀ o, ṣùgbọ́n ọwọ́ lèèyàn á máa fi yí i kí fótò tó mọ́ kedere. D7000 ní mọ́tò tiẹ̀. Jẹ́ ká lọ wò ó, ìyá mi."

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ bá fẹ́ ra tokunbo, ẹ gbọ́ ohun tí Bàámi ṣe. Wọ́n ya ògiri funfun, wọ́n sì jẹ́ kí ojú lẹ́ńsì há gan-an, kí ìdọ̀tí inú kámẹ́rà lè hàn. Wọ́n gbé lẹ́ńsì tí bọ̀dá fẹ́ fi kún un sókè sí ìmọ́lẹ̀, wọ́n ń wá ebu, torí ọ̀rinrin Èkó máa ń mú kí lẹ́ńsì bu bíi búrẹ́dì. Wọ́n wò ó bóyá báátìrì ti wú. Wọ́n wá ní kí bọ̀dá ṣí fótò kan lórí kọ̀ǹpútà, torí Nikon máa ń kọ iye ìgbà tí ṣọ́tà ti ṣí sínú fótò fúnra ẹ̀, bí ọkọ̀ ṣe máa ń ka ìrìn tó ti rìn. 41,000 ló wà níbẹ̀. 150,000 sì ni Nikon fi dán ṣọ́tà D7000 wò. Bàámi ní, "Ọmọdé ṣì ni."

N150,000 ni bọ̀dá pè é. Bàámi ná an dé N125,000. Èyí tó kù ni mo fi ra mẹ́mórì káàdì méjì, báátìrì kan sí i, àti báàgì tí òjò ò lè wọ̀. Ká ní D3500 ni mo rà, gbèsè ni ǹ bá gbé délé, mi ò sì ní rówó ra káàdì.

Síbẹ̀, ó ṣì ń ṣe mí bákan pé àlòkù ni. Mo wá rántí J.D. 'Okhai Ojeikere, ẹni tó bẹ̀rẹ̀ sí í ya irun orí àwọn obìnrin wa lọ́dún 1968, tó fi di ẹni tí gbogbo ayé mọ̀. Kámẹ́rà tó kọ́kọ́ rà lọ́dún 1950, Brownie kékeré kan ni, tí kò tiẹ̀ ní iná. Ara mi balẹ̀ díẹ̀.

Àbúrò mi ṣí báàgì. Ó wo kámẹ́rà, ó yọ̀. Ó wá rí lẹ́ńsì, ó dákẹ́. Ó fọwọ́ pa ibì kan tó ti họ létí ẹ̀, níbi tó ti já bọ́ lọ́wọ́ ẹ̀ nígbà tó wà lọ́mọ ọdún mọ́kànlá. Ó ní, "Bàámi, ẹ ò tà á?"

"Ẹni tó ra D90 ní òun ti ní irú ẹ̀," ni Bàámi wí. Mi ò mọ̀ bóyá òótọ́ ni.

Gáréèjì la ti ya fótò àkọ́kọ́, Bàámi nínú kẹ̀kẹ́. Ọwọ́ àbúrò mi ń gbọ̀n, fótò náà ò mọ́ rárá. Bàámi bọ́ sílẹ̀, wọ́n di ìgúnpá ẹ̀ méjèèjì mú, wọ́n tẹ̀ ẹ́ mọ́ ọn lẹ́gbẹ̀ẹ́. "Báyìí. Má mí." Wọ́n pa dà jókòó. Ìkejì mọ́ kedere.

Ṣùgbọ́n àkọ́kọ́ yẹn ni mo gbé kọ́ síbi tí mo ti ń dirun. Àwọn oníbàárà máa ń yíjú wò ó, wọ́n á bi mí pé ta lẹni tójú ẹ̀ ò hàn yẹn. Mo máa ń ní kí wọ́n gbórí dúró.