Kútì Àgbà, Àlùfáà Olórin

Bí ẹ bá wọ ọkọ̀ ní Káǹpù l'Abẹ́òkúta, tí ẹ ń lọ sí Alábàtà níbi tí Yunifásítì Ètò Ọ̀gbìn wà, ẹ ó rí i pé orin ẹ̀mí kì í wọ́n nínú ọkọ̀. Ìpínlẹ̀ Ògùn kò ṣaláìní olórin ìyìn. Ọmọ Ìmẹ̀kọ ni Tọ́pẹ́ Àlàbí, Ìdógò ni wọ́n sì ti bí Ebenezer Obey, ẹni tó ti fi jùjú gba ìgboro kó tó yà sí orin ìhìnrere. Àmọ́ ọmọ Ẹ̀gbá kan wà tó ti ṣáájú wọn dé ìdí iṣẹ́ yìí tipẹ́tipẹ́. Josiah Jesse Ransome-Kuti ni.

Abẹ́òkúta ni wọ́n bí i sí ní 1855, ọdún mẹ́sàn-án lẹ́yìn tí àwọn ajíyìnrere C.M.S. fìdí kalẹ̀ síbẹ̀. Tíṣà ni kó tó di òjíṣẹ́ Ọlọ́run. Ó kọ́ ọmọ ní iléèwé St. Peter's ní Aké, ó sì lọ kọ́ àwọn ọmọbìnrin lórin ní iléèwé C.M.S. l'Ékòó. Ó di díákónì ní 1895, ó di àlùfáà ní 1897. Ìjọ Gbágùrá ló fi ọwọ́ ara rẹ̀ tọ́ dàgbà, àwọn Gbágùrá yìí náà ló sì ni púpọ̀ nínú àwọn abúlé apá Ọ̀dẹ́dá tí Alábàtà wà.

Ohun tó gbé orúkọ rẹ̀ ga ni orin. Ẹnikẹ́ni tó bá ti kọ orin ìyìn tí wọ́n túmọ̀ láti èdè òyìnbó mọ ìyà tó ń jẹ ọ̀rọ̀ wa nínú rẹ̀. Ohùn orin ń gòkè níbi tí ọ̀rọ̀ ti ń sọ̀ kalẹ̀. Akọrin á ní igbá, etí á gbọ́ igba. Tọkàntọkàn ni ìjọ fi ń kọ ọ́, ṣùgbọ́n ẹni tó ń kọjá lọ lójú títì kò ní mọ ohun tí wọ́n ń wí. Irú ohùn tí àwọn èèyàn rẹ̀ ti ń kọ kí ìgbàgbọ́ tó dé ni Kútì mú, òun ló wá fi gbé ọ̀rọ̀ Ìwé Mímọ́. Ìyá ọlọ́jà tí kò mọ̀wé lè gbá irú orin bẹ́ẹ̀ mú wẹ́rẹ́, nítorí orin náà ń sọ̀rọ̀ bí òun náà ṣe ń sọ̀rọ̀. Lójú tèmi, ìwàásù tó jinlẹ̀ jù tó ṣe nìyẹn. Àlùfáà olórin ni wọ́n ń pè é, òun náà sì ni àwọn Ẹ̀gbá máa ń dárúkọ pé ó kọ orin ìlú wọn.

Ní 1922, nígbà tó ti lé ní ẹni ọgọ́ta ọdún dáadáa, ó wà ní Lọ́ńdọ̀nù, ilé iṣẹ́ Zonophone sì gba ohùn rẹ̀ sílẹ̀. Orin mẹ́tàlélógójì ni, gbogbo rẹ̀ ní èdè Yorùbá. Ẹ jẹ́ ká wo bí iṣẹ́ náà ṣe rí nígbà yẹn, torí kò sí maikirofóònù. Ẹnu ìwo irin gbọ̀ọ̀rọ̀ kan ni olórin á kọjú sí. Agbára ohùn rẹ̀ nìkan ló ń mi abẹ́rẹ́ tó wà ní ìdí ìwo, abẹ́rẹ́ á sì máa fín ilà tẹ́ẹ́rẹ́ sára ìda tó ń yí. Bó bá rọra kọ ọ́, ìda kò ní gbọ́. Bó bá ṣì í kọ, kò sí pé à ń gé e, à ń lẹ̀ ẹ́. Wọ́n á tún bẹ̀rẹ̀ látòkè ni. Gbogbo rẹ̀ kò sì gbọdọ̀ ju nǹkan bí ìṣẹ́jú mẹ́ta sí mẹ́rin lọ, torí ibi tí àwo lè gbà dé nìyẹn. Ẹ wá fojú inú wo bàbá àgbà tó ti ń wàásù láti 1895, tó dúró síwájú ìwo yẹn tó ń kọrin Ẹ̀gbá, níbi tí kò ti sí ọmọ ìjọ kankan tó máa gbè é.

Bí ẹ bá gbọ́ èyíkéyìí nínú wọn lónìí, ariwo ni ẹ ó kọ́kọ́ gbọ́, bí ìgbà tí epo ń ta lórí iná. Dùrù á wọlé, ohùn bàbá á sì tẹ̀ lé e. Ẹ má ṣe tìtorí ariwo yẹn pa á o. Ẹ fara balẹ̀, ẹ tẹ́tí sí ọ̀rọ̀.

Ọdún 1922 yẹn kan náà ni wọ́n fi í jẹ Kánọ́nì ní Kàtídírà Kírísítì l'Ékòó. Ó kú ní ọjọ́ kẹrin oṣù kẹsàn-án ọdún 1930. Bàbá bàbá Fẹlá, gbajúmọ̀ olórin nì, ni ọ̀pọ̀ èèyàn mọ̀ ọ́n sí, bẹ́ẹ̀ 1938 ni wọ́n bí Fẹlá, kò bá bàbá náà láyé. Ó dùn mí pé orúkọ ọmọ-ọmọ ti bo ohùn bàbá mọ́lẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ ń darí ẹgbẹ́ akọrin láti Aké dé Gbágùrá, títí dé àwọn ìjọ kéékèèké tó wà lójú ọ̀nà Alábàtà, ẹ wá orin wọ̀nyí rí, kí ẹ fi kọ́ àwọn ọmọ wa.