Àwo Màmá Àgbà

Àwo tánńganran funfun kan wà lábẹ́ ibùsùn ìyá bàbá mi ní Igbó-Ọrà, etí rẹ̀ ti hó. Ọmọ tó bá ní ìtọ̀ ń ta òun, inú rẹ̀ ni yóò tọ̀ sí. Màmá á gbé e sínú oòrùn, wọ́n á máa yí i díẹ̀díẹ̀. Bó bá ti pọ́n, wọ́n á ní, “Àtọ̀sí ajá nìyí.” Ìkòkò á gorí iná: egbò, èèpo igi, kán-ún díẹ̀. Wọ́n á fi aṣọ tí wọ́n rì sómi gbígbóná jó ìsàlẹ̀ ikùn wa. Bílẹ̀ bá tún mọ́, àwo náà á tún jáde.

Odò tí wọ́n ń rán wa lọ gan-an ni wọn ò fura sí. Ìgbín kéékèèké inú omi ló ń tú kòkòrò tó ń fa àtọ̀sí ajá jáde; á gba awọ ara wọlé, á lọ fìdí kalẹ̀ sínú iṣan ẹ̀jẹ̀ ẹ̀gbẹ́ àpò ìtọ̀. Ẹyin rẹ̀ lẹ́gùn-ún, òun ló ń ya ara tí ẹ̀jẹ̀ fi ń jáde. A mu àgbo láàárọ̀. Nígbà tó máa fi dọ̀sán, a ti tún bẹ́ sódò. Àwọn ọmọkùnrin kan tilẹ̀ ń fi ẹ̀jẹ̀ náà yangàn pé àwọn ti dàgbà.

Láti 1963 ni Yunifásítì Ìbàdàn ti gbé ètò ìlera Ìbàràpá wá sọ́dọ̀ wa. Nígbà tó yá, oògùn praziquantel dé. Wọ́n á fi ọ̀pá wọn gíga ọmọ ní ilé ìwé, ọmọ náà á gbé iye kóró tó kàn án mì, ó parí. N ò ní gba àgbo Màmá dípò kóró yẹn láé.

Ṣùgbọ́n gbogbo ìrora àpò ìtọ̀ kọ́ ni kòkòrò ń fà. Ó ti tó ọdún mẹ́ta tí àpò ìtọ̀ ti ń dun Àǹtí mi kan ní Èrúwà. Wọ́n ṣàyẹ̀wò títí, wọn ò rí nǹkan kan. Nọ́ọ̀sì ní kí wọ́n máa fi omi gbígbóná jó ìsàlẹ̀ ikùn (mo rẹ́rìn-ín), kí wọ́n sì yẹra fún ata àti ọtí. Ni Àǹtí bá lọ ra àgbo ní gárèéjì, lọ́wọ́ ẹni tó ń fi ẹ̀rọ gbohùngbohùn polówó: jẹ̀díjẹ̀dí, ẹ̀yìn ríro, àtọ̀sí, ìgò kan náà ló ń wò wọ́n. Mo ṣí ìdérí rẹ̀, òórùn ògógóró gbà mí nímú.

“Ṣé ó wo ìtọ̀ yín, Àǹtí?”

Wọ́n wò mí bí ẹni ń wo wèrè. “Ìtọ̀ kẹ̀? Alágbo náà ti gun ọ̀kadà lọ sí Lánlátẹ̀ kí n tó gba ṣéńjì.”