Ọ́ìlì jíà ọtọmátíìkì náà máa ń gbó o

Ẹni tó bá ní mọ́tò nílé mọ̀ pé ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì kì í pẹ́ dúdú, àti pé ó yẹ kóun pààrọ̀ ẹ̀ lásìkò. Ṣùgbọ́n ọ́ìlì kan wà tí ọ̀pọ̀ èèyàn kì í rántí, àfi lọ́jọ́ tí jíà bá kọ̀ tí kò wọlé mọ́. Ọ́ìlì inú jíà ọtọmátíìkì ni mo ń sọ, èyí tí àwọn mẹkáníìkì ń pè ní ATF. Òun náà ń gbó, ó sì ń dọ̀tí. Ẹni tó bá sì ti ra jíà tókùnbọ̀ rí ní Ládípọ̀, l'Ékòó, tàbí ní Gate, n'Ìbàdàn, mọ̀ pé owó ẹ̀ kì í ṣe owó ọwọ́ lásán.

Camry ọdún 2003 lèmi ń lò, irú èyí tí wọ́n ń pè ní Big Daddy. Ó ti lé lógún ọdún. Òun ni mo fi ń gbé ìyá mi lọ sí ọsibítù lóṣooṣù nítorí ẹ̀jẹ̀ ríru, òun náà la fi ń kó ẹrù ọjà. Bí jíà ẹ̀ bá kọṣẹ́, kì í ṣe mọ́tò nìkan ló máa dúró, ètò ilé wa ló máa dàrú. Ìdí nìyẹn tí mo fi kọ́ bí wọ́n ṣe ń pààrọ̀ ọ́ìlì náà, tí mo sì ń ṣe é fúnra mi.

Nígbà tí mo kọ́kọ́ dábàá ẹ̀, mẹkáníìkì àdúgbò wa lọgun. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ má fọwọ́ kàn án o! Ọ́ìlì tó ti pẹ́ nínú jíà, tẹ́ ẹ bá ti pààrọ̀ ẹ̀, jíà yẹn máa kú ni." Ọ̀rọ̀ yìí pọ̀ lẹ́nu àwọn èèyàn. Kì í ṣe irọ́ pátápátá, àmọ́ kì í ṣe òótọ́ tán.

Nínú jíà ọtọmátíìkì, àwọn àwo pẹlẹbẹ kan wà tí wọ́n ń fún ara wọn mọ́ra kí mọ́tò tó lè rìn. Ọ́ìlì yìí ló ń tì wọ́n mọ́ra, òun ló sì ń gbé ooru kúrò lára wọn. Bí wọ́n ṣe ń jẹ díẹ̀díẹ̀ ni ìdọ̀tí ara wọn ń wọnú ọ́ìlì. Èyí tó pọ̀ jù nínú wa kì í rántí ọ́ìlì náà àfi tí jíà bá ti ń yọ̀, tí àwọn àwo ti jẹ tán. Ọ́ìlì tuntun kò lè dá ohun tó ti jẹ padà. Tí jíà bá wá kú lọ́sẹ̀ kejì, ọ́ìlì tuntun ni wọ́n máa dá lẹ́bi. Ẹni tí wọ́n gbé dé ọ̀dọ̀ dókítà nígbà tí ẹ̀pa ò bóró mọ́, ṣé oògùn ló pa á? Àwọn mí-ìn tún máa ń fi ẹ̀rọ tó ní agbára fọ inú jíà tó ti gbó, ìyẹn sì lè ru ìdọ̀tí sókè kó lọ dí ojú ihò tóóró inú ẹ̀.

Nítorí náà, tí jíà yín bá ti ń yọ̀, tó ń ta gìrì, tàbí tó ń pẹ́ kó tó wọlé, ẹ gbé e lọ sọ́dọ̀ ẹni tó mọṣẹ́ jíà. Àmọ́ tó bá ń ṣiṣẹ́ dáadáa tó jẹ́ pé ọ́ìlì ẹ̀ ló ti pọ́n ràkọ̀ràkọ̀, ẹ lè máa pààrọ̀ ẹ̀ díẹ̀díẹ̀.

Báyìí ni mo ṣe ń yẹ tèmi wò. Mo máa wa mọ́tò fún bí ogún ìṣẹ́jú kó lè gbóná, màá dúró síbi tó tẹ́jú, màá fa búréèkì ọwọ́, mi ò sì ní pa ẹ́ńjìnnì. Màá tẹ búréèkì ẹsẹ̀, màá wá rọra fa ọ̀pá jíà láti P dé L, kí n tó dá a padà sí P. Lẹ́yìn náà ni màá fa ọ̀pá ìwọn ọ́ìlì yọ, màá nù ún, màá tì í padà, màá tún fà á yọ. Ọ́ìlì gbọ́dọ̀ wà láàárín àmì méjèèjì tó wà fún gbígbóná. Ti Honda yàtọ̀, ẹ́ńjìnnì ni wọ́n máa ń pa kí wọ́n tó wò ó, ẹ ka ìwé mọ́tò yín. Àwọn mọ́tò mí-ìn wà tí kò ní ọ̀pá yìí rárá; tó bá jẹ́ irú ẹ̀ lẹ ní, ẹ jẹ́ kí ẹni tó mọṣẹ́ bá yín ṣe é.

Ọ́ìlì tó dáa máa ń pupa, ó sì máa ń mọ́ gaara. Tó bá ti dúdú tó ń rùn bí ohun tó jóná, ewu ti ń bọ̀. Tó bá rí bíi mílíìkì tí wọ́n da nǹkan pupa sí, omi rédíétọ̀ ti wọ inú ẹ̀ nìyẹn, ẹ má wa mọ́tò náà mọ́.

Ẹ ra ọ́ìlì tí wọ́n kọ fún mọ́tò yín gan-an. T-IV ni tèmi, WS ni ti èyí tó jáde lẹ́yìn ẹ̀, Honda ní tiẹ̀, jíà CVT náà ní tiẹ̀. Pé ọ́ìlì méjì jọ pupa kò sọ wọ́n di ọmọ ìyá.

Ẹ má wọ abẹ́ mọ́tò tó jẹ́ jáàkì nìkan ló gbé e dúró, ẹ má sì fi búlọ́ọ̀kù sìmẹ́ńtì gbé e, ó lè fọ́ lójijì. Ẹ lo ẹsẹ̀ irin tó lágbára, kẹ́ ẹ sì fi nǹkan há táyà ẹ̀yìn. Ẹ jẹ́ kó tutù díẹ̀, torí ọ́ìlì gbígbóná ń bó èèyàn lára. Nóòtì tèmi ní ihò onígun mẹ́fà, kọ́kọ́rọ́ 10 ló ń tú u. Sípánà 14 ló ń tú ti ẹ́ńjìnnì; ẹ má ṣi ọ̀kan tú fún èkejì.

Ẹ wọn ohun tó jáde, iye yẹn gan-an lẹ máa dá padà, láti ojú ihò ọ̀pá ìwọn, pẹ̀lú àrọ ẹlẹ́nu tóóró. Tèmi tó nǹkan bíi lítà mẹ́ta ààbọ̀. Tó bá pọ̀ jù, ó máa ń hó, jíà kò sì ní ṣiṣẹ́ dáadáa. Gbogbo ẹ̀ kọ́ ló ń jáde lẹ́ẹ̀kan, ó kù nínú jíà. Ká ní ìlàjì ló jáde: tẹ́ ẹ bá ṣe é lẹ́ẹ̀mejì, ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin ti di tuntun, ní ẹ̀ẹ̀kẹta, ìdá méje nínú mẹ́jọ. Ọ̀sẹ̀ méjì-méjì ni mo fi sáàárín. Èyí tó kọ́kọ́ jáde dúdú bíi kọfí, ti ẹ̀ẹ̀kẹta pupa bíi sóbò.

Sóbò yẹn gan-an ló ń já mi láyà. Ẹ má da ọ́ìlì yìí sínú ike omi tàbí ike sóbò láéláé, ọmọdé lè gbé e mu. Ẹ má fi ẹnu fà á nínú rọ́bà, tó bá gba ẹ̀dọ̀fóró lọ, àìsàn ńlá ni. Bí ẹnì kan bá ṣèèṣì mu ún, ẹ má jẹ́ kó bì, ẹ má fún un lépo pupa mu. Ẹ gbé e lọ sí ọsibítù kíá, kẹ́ ẹ mú ike náà dání. Ọṣẹ àti omi ni kẹ́ ẹ fi fọ ọwọ́ yín, kì í ṣe pẹtiróòlù.

Èyí tẹ́ ẹ tú jáde, ẹ má dà á sí gọ́tà tàbí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kànga, omi tá a máa mu ló ń bà jẹ́. Ẹ rọ ọ́ sínú kẹ́ẹ̀gì tó ní ìdérí, kẹ́ ẹ gbé e fún àwọn mẹkáníìkì tó ń kó ọ́ìlì àlòkù jọ. Lọ́jọ́ Sátidé tó ń bọ̀ yìí, ẹ kàn fa ọ̀pá ìwọn náà yọ, kẹ́ ẹ wo àwọ̀ tó wà lẹ́nu ẹ̀. Kò ná yín ní kọ́bọ̀.